Èkó sí Salvador: máàpù ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun fẹ́ gbéra ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kejì, kí òun lè bá wọn ṣọdún Yemọja ní Rio Vermelho, àdúgbò kan ní ìlú Salvador ní Bùràsíìlì, lọ́jọ́ kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Iye kìlómítà tí ẹ rí lórí máàpù tọ̀nà. Bí a bá na okùn láti Èkó kọjá òkun dé Salvador, kò ju nǹkan bí 5,090 kìlómítà lọ. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù náà tó 5,000, bàálù sì ń débẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí méje. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fi ṣírò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù kì í yà síbì kankan. Láti ìgbà tí mo ti ń kó adìrẹ àti ọṣẹ dúdú lọ sí Bàhíà, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, kò sí bàálù tó gbé mi lọ tààrà rí.

Ọ̀nà Addis Ababa ni mo sábà máa ń gbà. Ìlà-oòrùn lẹ máa kọ́kọ́ forí lé, ẹ̀yìn lẹ kọ sí Bùràsíìlì, fún nǹkan bí 3,900 kìlómítà. Bàálù kejì á wá gbé yín padà sọdá Áfíríkà kó tó kan òkun rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 dé São Paulo. Ibẹ̀ sí Salvador tún jẹ́ 1,450. Ó lé ní 15,000 lápapọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí máàpù sọ, ẹsẹ̀ á sì wú! Ọ̀nà Lisbon kúrú ju èyí lọ dáadáa, torí bàálù ń tibẹ̀ lọ sí Salvador láìdúró. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní láti gba físà kí ẹ tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀.

São Paulo gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí wọ́n tiẹ̀ so bébà Salvador mọ́ ẹrù yín láti Èkó, Guarulhos, pápákọ̀ òfurufú tí ẹ máa bà sí ní São Paulo, lẹ ti máa gbà á, ẹ máa gbé e kọjá níwájú aṣọ́bodè, kí ẹ tó tún fi í sílẹ̀ fún bàálù abẹ́lé. Wákàtí méjì ò tó. Mẹ́rin ni kí ẹ fi sílẹ̀, ó kéré tán. Kí ẹ sì wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa: bí bàálù abẹ́lé yẹn bá ń gbéra ní Congonhas, pápákọ̀ mìíràn nìyẹn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ São Paulo ló wà láàárín méjèèjì.

Aago tún wà níbẹ̀. Aago Salvador fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa, ìdí nìyẹn tí ìrìn àjò náà fi dà bí ohun tó yá lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi mẹ́rin yẹn kún un kí ẹ tó ṣírò.

Ní tèmi, ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kìíní ni kí ẹ kúrò nílé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ lọ́jọ́ ọdún tí èrò ti ń tò láti gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, ọ̀sán ni ọkọ̀ ojú omi ń kó o lọ fún Ìyá. Kí ẹ gba yàrá sí Rio Vermelho gan-an, nítorí mọ́tò kì í rọrùn wọ àdúgbò yẹn lọ́jọ́ náà.