Ẹ Bi Wá: Fóònù ńlá, ọmọ Yahoo àti agbófinró tó ń wo aṣọ kó tó mú èèyàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Àǹkárá ni mò ń tà ní Gbági, Ìbàdàn. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní pólì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Canada fi iPhone ránṣẹ́ sí i, àtìgbà yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn agbófinró kan dá a dúró lójú títì, wọ́n ní ọmọ Yahoo ni, wọ́n tú fóònù ẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkankan, síbẹ̀ wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oní-POS, wọ́n gba ₦60,000 lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé nígbà tó délé, ó ní, "Màmá, ṣebí wọ́n ti pè mí ní ọmọ Yahoo tán, kí ló tún kù?" Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣe é ti ra mọ́tò, gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní ọ̀gá. Ṣé kí n gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Ṣé Instagram ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́ àbí ọlọ́pàá?
Ìyá Ṣọlá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ṣọlá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọmọ sunkún. Ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi yín dùn mí wọra, torí òótọ́ ló sọ. Nǹkan tí àdúgbò fi ń yẹ́ ọmọ Yahoo sí, fóònù, mọ́tò, irun, bàtà, òun náà ni agbófinró fi ń mọ ẹni tó máa dá dúró. Àdúgbò ò bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe kí wọ́n tó máa pè é ní ọ̀gá, agbófinró náà ò sì bèèrè kó tó pè é ní olè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Instagram. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ orúkọ Hushpuppi, Ramon Abbas ni orúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ Èkó tó lọ ń gbé ní Dubai, tó ń fi Ferrari àti Rolls-Royce àti aṣọ Gucci hàn lórí Instagram, àwọn tó ń tẹ̀lé e lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn ọmọ wa ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn ò sì wádìí ẹ̀, nǹkan tó ń rà ni wọ́n kà sí iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá Dubai mú un ní June 2020, wọ́n ní àwọn bá owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù $41 àti mọ́tò olówó ńlá mẹ́tàlá. Àwọn ọlọ́pàá náà wá ṣe fídíò ẹ̀, wọ́n fi orin sí i bíi fíìmù, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi mọ́tò yẹn hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan tí Hushpuppi ti ń fi hàn tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, kámẹ́rà ló kàn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Instagram yẹn náà ni FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fi tọ ipasẹ̀ ẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù, fọ́tò kéèkì ọjọ́ ìbí ẹ̀ wà lára nǹkan tí wọ́n fi dá a mọ̀, kéèkì tó ní àmì Fendi lórí, àwòrán Hushpuppi kékeré kan wà lórí ẹ̀, wọ́n to àwọn báàgì kéékèèké tí wọ́n fi ń kó ọjà tí wọ́n bá rà yí i ká. Àbẹ́ ò rí nǹkan! Ọjọ́ ìbí èèyàn, báàgì ọjà ló yí i ká. Wọ́n tún ní owó tó gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìwé sí Qatar ló fi ra aago Richard Mille kan tí owó ẹ̀ tó $230,000, aago ọ̀hún sì hàn lọ́wọ́ ẹ̀ nínú fọ́tò tó gbé síta. Ní November 2022 ni kóòtù Los Angeles rán an lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ní kó san owó tó lé ní mílíọ̀nù $1.7 padà fún méjì nínú àwọn tó lù ní jìbìtì.

Ọ̀rọ̀ yẹn wá wọ ilé ọlọ́pàá tiwa náà. Abba Kyari tó jẹ́ ọ̀gá àwọn IRT, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń lé àwọn ọ̀daràn ńlá, tí àwọn oníròyìn ti gbé gẹ̀gẹ̀ fún ọdún pípẹ́ pé kò sí ọlọ́pàá bíi tiẹ̀, ni Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn lọ́dún 2021 pé Hushpuppi ní kó bá òun ti ẹnì kan mọ́lé torí ìjà owó jìbìtì. Ó ní irọ́ ni, ó sì kọ ọ́ sórí Facebook pé Hushpuppi rí aṣọ ìbílẹ̀ àti fìlà tí òun wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, pé ó wù ú, pé ẹni tó ń ta aṣọ yẹn ló fi nǹkan bíi ₦300,000 ránṣẹ́ sí. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn náà. Mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn níbí, àmọ́ àlàyé ẹ̀ nìkan ti tó fún mi láti ronú sí: ẹni tí wọ́n ń wá kiri ayé torí jìbìtì àti ọ̀gá ọlọ́pàá tó yẹ kó máa mú irú ẹ̀, aṣọ tó hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní ó pa wọ́n pọ̀.

Ó wá kan ti ọmọ yín. Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá kan, sílẹ̀ láti máa mú àwọn adigunjalè, àwọn tó ń fi ìbọn jalè. Nígbà tí jìbìtì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìbọn láti wá mọ́, ni wọ́n bá ń wá láptọ́ọ̀pù, iPhone, irun dàda, tátúù, ọmọ kékeré tó ń wa mọ́tò tí gíláàsì ẹ̀ dúdú. Ìyẹn wà lára nǹkan tó gbé àwọn ọ̀dọ́ jáde ní October 2020. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yẹn ni ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ìgbà yẹn, Mohammed Adamu, kìlọ̀ fáwọn èèyàn ẹ̀ pé kí wọ́n yé tú fóònù àti láptọ́ọ̀pù aráàlú wò láìnídìí, nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá wọ́n tú SARS ká, gbogbo wa la sì mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kì ní ogúnjọ́. Orúkọ yí padà o, ìwà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ní November 2023, EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì, wọ ilé táwọn ọmọ Ifásitì Ifẹ̀ ń gbé níta ọgbà lóru, wọ́n kó àwọn tó lé ní ọgọ́ta, àwọn ọmọ ilé ìwé fárígá, ọ̀gá EFCC, Ọlá Olúkòyédé, wá ní kí wọ́n má fi òru ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó, aago kan òru, wọ́n já ilẹ̀kùn ọmọ tó ń kàwé ìdánwò, torí pé ó ń gbé nínú ilé tó dáa.

Ẹ má gba fóònù yẹn o. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ ti gbà pẹ̀lú wọn nìyẹn pé fóònù ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi risíìtì ránṣẹ́ láti Canada, kó wà nínú fóònù, kí páálí ẹ̀ wà nílé. Kó máa mú ID card pólì dání. Tí wọ́n bá dá a dúró, kó má bá wọn jà, kó má sáré, kó fẹ̀sọ̀ bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, kó wo orúkọ tó wà láyà wọn àti nọ́ńbà mọ́tò wọn. Apá 37 nínú òfin ilẹ̀ wa ló dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn, apá 36 sì sọ pé aláìṣẹ̀ lèèyàn títí kóòtù á fi dá a lẹ́bi. ₦60,000 tí wọ́n gbà yẹn náà, ẹ má gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀: owó POS ní àkọsílẹ̀, ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tí owó wọlé sí. Ẹ gba statement ní báǹkì, ẹ kọ ìwé sí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú lórí ọlọ́pàá, tí ò bá sówó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún irú yín.

Ó ku ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ní 2019, Ibrahim Magu tó ń ṣe olórí EFCC nígbà yẹn sọ pé àwọn ìyá ọmọ Yahoo ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò sí nínú irú ẹ̀, àmọ́ ta la máa ń bọ̀wọ̀ fún nínú ọjà? Ẹni tó ra aṣọ tí kò ná an, òun la ń sin dé ìdí mọ́tò, òun la ń gbàdúrà fún, ọmọ wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń wò wá. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹ ò fẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń lù fún un, torí àwọn ọmọ yìí ń pè é ní máàga, wọn ò kà á sí èèyàn. Ìyá arúgbó kan ni o, opó tí ọkọ ẹ̀ kú, tó rò pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ràn òun, tó ń kó owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilé á fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó lè ṣe é fún ẹ̀yin.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń gbéyàwó l'Ékòó ní December, à ń bọ̀ láti Peckham. Wọ́n ní téèyàn bá náwó lágbo, EFCC á gbé e. Ṣé òótọ́ ni?
Kúnlé, London

Ìdáhùn: Bọ̀dá Kúnlé, òótọ́ ni. Òfin Central Bank ti 2007, apá 21, ló sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó tí kò dín ní ₦50,000 tàbí méjèèjì. Òfin yẹn ti wà tipẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó kà á sí. Ní April 2024 ni kóòtù l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì nì, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà torí ẹ̀, fídíò ló sì kó o síta. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ owó mọ́lẹ̀, àmọ́ inú mi ò dùn pé owó tó hàn nínú fídíò ni wọ́n ń lé kiri, tí wọn ò bèèrè ibi tí owó ńlá ńlá ti ń wá. Ẹ fi owó sínú envelope, ẹ fi lé ìyàwó lọ́wọ́, tàbí kẹ́ ẹ ṣe transfer fún àwọn onílù. Ẹ máa jó dáadáa, ijó ò lófin.

Ìbéèrè: Ṣé kí n má jẹ́ káwọn ọmọ ilé ìwé mi máa wo fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣoògùn owó? Ẹ̀rù ń bà mí.
Tíṣà kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Tíṣà, mo mọ nǹkan tó ń bà yín lẹ́rù, torí ìlú yín níbẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. January 2022, àwọn ọmọ tí wọn ò ju ogún ọdún lọ pa ọ̀rẹ́bìnrin ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ń sun orí ẹ̀ nínú ìkòkò nígbà tọ́wọ́ tẹ̀ wọ́n, ọ̀kan sì sọ pé Facebook lòun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ti dé Àbújá, mínísítà ní kí àwọn tó ń yẹ fíìmù wò wá nǹkan ṣe sí i, nígbà tó sì di 2024 wọ́n tún kéde pé àwọn ò ní gbà kí fíìmù máa polongo oògùn owó àti sìgá.

Mi ò rò pé fíìmù nìkan ló pa ọmọbìnrin yẹn. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù ọ̀hún: oògùn á ṣiṣẹ́, owó á máa pọ̀ jáde, ilé tó lẹ́wà, mọ́tò, aṣọ léèsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí apá kejì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìgbà yẹn ni wèrè á wá dé bá a. Ọmọ tó ń wò ó ti gba pé oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́, ó kàn rò pé òun á gbọ́n ju ọ̀gbẹ́ni yẹn lọ ni. Irọ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń fòfin dè é. Orí èèyàn ò pọ owó rí, kò sí náírà kan tó jáde nínú ìkòkò rí. Owó tí wọ́n ní oògùn pọ̀ yẹn, jìbìtì ló mú un wá, ẹnì kan ló ń sunkún ẹ̀ níbì kan.

Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n má wò ó, wọ́n á wò ó lórí fóònù níbi tẹ́ ò sí. Ẹ gbé e wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Friday, ẹ jọ wò ó, nígbà tí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ dá a dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé báǹkì wo ló tẹ owó yẹn. Kẹ́ ẹ sì pe àwọn ọmọbìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́tọ̀, torí àwọn ni wọ́n ń pa, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ẹni tí wọ́n ń lọ bá.