Lẹ́tà inú áàpù ìròyìn wa kì í tóbi, àmì ohùn sì ń ṣí kúrò láyè rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la dá áàpù ìròyìn Yorùbá kan sílẹ̀ n'Íbàdàn. Àwọn àgbà tó ń kà á ń ráhùn pé lẹ́tà rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ lẹ́tà fóònù wọn di ńlá. Lórí fóònù mìíràn, àmì ohùn kì í dúró sórí lẹ́tà tó ni ín. Owó ọwọ́ wa ò tó nǹkan. Kí ni ká kọ́kọ́ tún ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀ tàbí àwòrán. Ẹni tó ti wọ Settings fóònù rẹ̀, tó sọ lẹ́tà di ńlá, ti sọ ohun tó ń fẹ́. Áàpù tí kò bá tẹ̀ lé e ti kọtí ikún sí i nìyẹn.

Lórí Android, ohun tó sábà ń fà á ni pé dp, ìwọ̀n tí kì í tẹ̀ lé lẹ́tà tí onífóònù yàn, ni ẹni tó kọ kóòdù fi díwọ̀n lẹ́tà dípò sp. Sp ló ń tẹ̀ lé ìwọ̀n tí onífóònù yàn. Lórí iPhone, Dynamic Type ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àtúnṣe yẹn ò le, ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ló le. Láti orí Android 14, tó jáde ní 2023, èèyàn lè mú lẹ́tà tóbi dé 200%. Tí ẹ bá ti fún àpótí àkọlé ní gíga tí kò ṣe é yí pa dà, lẹ́tà ńlá ò ní gbà níbẹ̀, áàpù á sì gé e. Ẹ wo àkọlé bíi "Gómìnà ní òun á san owó oṣù tuntun tí ìjọba àpapọ̀ bá fi kún owó ìpínlẹ̀". Tí wọ́n bá gé e síbi "owó oṣù tuntun", ìròyìn mìíràn lẹni tó kàn bojú wò ó gbé lọ sílé yẹn. Ẹ ti pa irọ́ fún un láìmọ̀. Mo kórìíra gígé àkọlé gan-an. Kó gba ìlà mẹ́rin, kí ìròyìn tó hàn lẹ́ẹ̀kan náà dín kù, ó sàn.

Ó wá kan àmì ohùn. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní kóòdù kan ṣoṣo fún lẹ́tà ẹ, ó ní fún é, ṣùgbọ́n kò ní fún ẹ́. Lẹ́tà ẹ ni yóò kọ́kọ́ wà, àmì á tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì (àkójọ àwòrán lẹ́tà tí áàpù ń lò) á sì gbé àmì náà lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí fóònù lọ yá lẹ́tà lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀ inú "ọ̀rọ̀" wá nípọn ju r tó wà láàárín wọn lọ. Ẹ fi Noto Sans tàbí Noto Serif sínú áàpù náà gan-an. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì gbé àmì Yorùbá dáadáa. Àyè ìlà náà ṣe pàtàkì: tí ìlà bá fún mọ́ra jù, àmì ìsàlẹ̀ ṣ á lọ kan àmì orí ọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlọ́po 1.5 ìwọ̀n lẹ́tà ni mo máa ń lò.

Ẹ kọ "Ọ̀ṣun", "ẹ̀kọ́" àti "ǹjẹ́" sí ìlà tó tẹ̀ léra, kí ẹ wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Kí ẹ sì ní kí àgbà kan fi lẹ́tà tó tóbi jù lọ ka odindi ìròyìn sókè létí yín. Ibi tó bá ti dúró, tó tún ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kì í tẹ àmì tí wọ́n bá ń wá ìròyìn, nítorí náà "osun" gbọ́dọ̀ lè mú "Ọ̀ṣun" jáde. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo, kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì bọ́ àmì kúrò lára ohun tí òǹkàwé tẹ̀ àti ìròyìn tí ẹ tọ́jú nígbà tí ẹ bá ń fi wọ́n wéra.

Fídíò tó ń dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, owó dátà àwọn tó ń kà yín ló ń jẹ.