Access ń kú bí mo bá fẹ́ tẹ report jáde: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa, inú Microsoft Access sì ni a ń kọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, bí mo bá ti fẹ́ tẹ report ìparí oṣù jáde, ojú Access á funfun, á sì pa ara rẹ̀ dé. Àkọsílẹ̀ owó ń ṣí dáadáa ní tirẹ̀. Ẹnìkan ní kí n yọ Office kúrò, kí n tún un fi sí kọ̀ǹpútà. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ ọ́. Bí ẹ bá ń rí àkọsílẹ̀ yín, tí ẹ sì ń kọ tuntun sí i láìsí ìdíwọ́, kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àárín report àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé Access kì í dúró di ìgbà tí a bá tẹ Print kó tó kàn sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Gbàrà tí report bá fẹ́ ṣí ní Print Preview, níbi tí a ti ń wo bí ìwé ṣe máa rí kó tó jáde, ló ti ń bi driver ẹ̀rọ náà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀) léèrè bí bébà ṣe fẹ̀ tó. Report tún máa ń fi ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá yan ẹ̀rọ kan pàtó lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó ṣì wà níbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ ọ̀hún sọnù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè pé: kí ló yí padà kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ ra ẹ̀rọ tuntun? Ṣé Windows ṣe update?

Kí gbogbo ẹni tó ń lo fáìlì Access yín kọ́kọ́ pa á dé, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí flash. Owó olówó ni, a kì í fi ẹ̀dà kan ṣoṣo dán nǹkan wò.

Ó wá kan ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Nínú Settings Windows, ẹ lọ sí Printers & scanners, ẹ pa «Let Windows manage my default printer», kí ẹ sì sọ Microsoft Print to PDF, tó ń sọ ìwé di fáìlì PDF dípò bébà, di default (ẹ̀rọ tí Windows máa ń lò bí a kò bá yan òmíràn). Ẹ ṣí report náà ní Design View (ibi tí a ti ń tún report tò), ẹ wọ Page Setup, ẹ yan Default Printer dípò Use Specific Printer, ẹ fi pamọ́. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bí PDF bá jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín tàbí ètò tí report fi pamọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ dá ẹ̀rọ yín padà sí default, kí ẹ tún gbìyànjú. Bó bá tún kú, driver rẹ̀ ni. Pé ẹ yọ ẹ̀rọ náà nínú Settings nìkan kò tó, driver lè kù sílẹ̀. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ printui /s /t2, ẹ yọ driver náà níbẹ̀, kí ẹ tó gba tuntun láti ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Bí kò bá jáde pẹ̀lú PDF, ẹ wo report mìíràn. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan yìí nìkan ló ń kú, òun gan-an ló bàjẹ́. Kí iná lọ nígbà tí fáìlì wà ní ṣíṣí lè fa irú rẹ̀. Ẹ ṣe Compact and Repair Database, irinṣẹ́ Access tó ń tún fáìlì ṣe. Bí kò bá tó, ẹ dá database òfìfo (fáìlì Access tuntun) sílẹ̀, kí ẹ fi External Data kó gbogbo nǹkan wọ inú rẹ̀. Tó bá ṣì ń kú, ẹ ṣe ẹ̀dà report náà, kí ẹ máa yọ nǹkan inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán orí ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, tó wúwo gan-an, ṣe àmì ẹgbẹ́.

Ní ti Office, bí gbogbo report nínú gbogbo database bá ń kú, Quick Repair, àtúnṣe kíákíá tí Office ní, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó ronú àtiyọ ọ́.

Bí ìpàdé oṣù bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, PDF tó bá jáde nínú ìdánwò yẹn, ẹ gbé e sórí flash, kí ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà mìíràn.