Ṣé kí n má jẹ iyán ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ́ nítorí ogun òru?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekum, Àáfà. Ọmọ Adó-Èkìtì ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ilé ni mo sì ti ń lọ. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ogun òru ti ń jà mí. Ojú mi á là, màá máa gbọ́ bí àwọn àbúrò mi ṣe ń hanrun nínú yàrá, ṣùgbọ́n n kò ní lè gbé ìka kan, á sì dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé mi láyà. Ìyá mi mú mi lọ bá àáfà kan, wọ́n tẹ yanrìn, wọ́n ní obìnrin kan ní ìdílé bàbá mi ni. Ìyá mi ní kò lè jẹ́ ẹlòmíràn ju ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn tó san owó ilé-ìwé mi lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ iyán wọn mọ́. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé ọpọlọ ló ń fa irú nǹkan báyìí. Tí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣé n kò ti kọ àlùjànńú àti idán tí Al-Kùránì sọ̀rọ̀ wọn? Ìyá mi kò purọ́ fún mi rí.

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam, ọmọ mi. Ọlọ́hun yóò fún ọ ní oorun àsùnjí.

Gbólóhùn tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Màmá rẹ kò purọ́ fún ọ rí. Mo gbà, n kò sì rò pé wọ́n ń purọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n wo bí àwọn onímọ̀ hàdíìsì ṣe ń ṣe. Tí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá, wọ́n á wò ó bóyá olódodo ni, wọ́n á tún wò ó bóyá ó mọ ohun tó gbọ́ dì mú dáadáa. Ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ tí kò ní èkejì, wọn kì í gbé ẹ̀sìn lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé hàdíìsì tí Imam Muslim kọ, Abu Zinad, onímọ̀ hàdíìsì ayé àtijọ́ kan, sọ pé òun bá ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Mẹ̀dínà, gbogbo wọn ló ṣeé fọkàn tán, síbẹ̀ a kì í gba hàdíìsì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á ní ẹni náà kì í ṣe ara àwọn tó ni iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó pe àwọn ọgọ́rùn-ún yẹn ní òpùrọ́. Èmi ì bá gbé ọmọ mi fún wọn tọ́.

Màmá rẹ rí ọmọ wọn tó ń gbọ̀n lórí ibùsùn ní àsùbáá. Òótọ́ ni ìyẹn. Pé ẹnì kan wá láti Ìkẹ́rẹ́, wọn kò rí ìyẹn.

Ohun tí wọ́n kọ́ yín kò bá ẹ̀sìn jà. Ní àkókò oorun tí a máa ń lá àlá jù, ọpọlọ a máa mú kí iṣan apá àti ẹsẹ̀ rọ, kí ẹni tó ń sáré lójú àlá má baà dìde fi orí gbá ògiri. Nígbà mìíràn, ojú á ti jí kí ara tó gba ìtúsílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, tàbí ìṣẹ́jú kan sí méjì, bó tilẹ̀ gùn bí òru lójú ẹni tó ń ṣe. Èémí kò dúró, kì í sì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn iṣan àyà ti rọ, tí o bá fẹ́ mí kanlẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, á dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé ọ. Ẹ̀rù á bá ọkàn, àlá kò tíì kúrò lójú, ni ènìyàn bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ta ni ojú rẹ kò ní rí, tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè sí ọ létí láti àárọ̀ dalẹ́? Àìsùn tó, oorun tí kò ní àkókò, ìdààmú ọkàn àti fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ló máa ń pè é wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé mọ́jú, kí ló kù tí kò ní nínú wọn? Ó ṣe èmi náà rí ní ilé-kéwú. Olùkọ́ wa bi mí pé ìgbà wo ni mo sùn. Mo dá wọn lóhùn, wọ́n sì lé mi lọ sùn.

Àwọn ará Jàpáánù ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, kanashibari. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní jathum. Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló ń wọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ Jàpáánù ni? Kí wọ́n má sì sọ fún ọ pé ìmọ̀ òyìnbó ni. Akhawayni, oníṣègùn ará Bùkhárà tó kú ní 983, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ pé ooru tó ń ti inú ikùn gòkè lọ sí ọpọlọ ló ń fà á. Ó ṣì í, ṣùgbọ́n inú ara ló ti wá a, kò wá a lọ sí ilé ìbátan ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, òkùnkùn bo oòrùn. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ náà ni oòrùn ń ṣọ̀fọ̀. Bàbá tí ọmọ kú fún ì bá dákẹ́ jẹ́ kí wọ́n fi pọ́n òun lé. Ó sọ pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni.

Idán wà, àlùjànńú wà. Ẹni tó bá kọ̀ wọ́n ti kọ Al-Kùránì. Àáyà kan náà tó sọ̀rọ̀ idán, Súrà 2 àáyà 102, ló sọ pé wọn kò lè fi ni ẹnikẹ́ni lára àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ànábì tún sọ pé oríṣi mẹ́ta ni àlá: ti Ọlọ́hun, ti Ṣàítánì tó fi ń ba ọkàn jẹ́, àti èyí tí ọkàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n kí idán wà láyé yàtọ̀ sí pé ìyá lágbájá ló pa idán náà.

Ní ti yanrìn, kò sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lẹ́nu mi. Ẹni tó wé láwàní tẹ yanrìn àti ẹni tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ànábì sọ pé ẹni tó bá lọ bi aríran léèrè nǹkan, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún 40 òru. Ẹ tọrọ àforíjìn, ẹ má sì torí rẹ̀ dá ìrun dúró. Kí tilẹ̀ ni àáfà yẹn sọ? Obìnrin kan ní ìdílé bàbá. Ilé wo ni kò ti sí i ní gbogbo Èkìtì? Màmá rẹ ló wá orúkọ sí i. Fara balẹ̀ béèrè ohun tó ti wà láàárín ìyàwó ilé àti ọmọ ilé kí yanrìn tó dé.

Súrà 49 àáyà 12 ní kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá, Ànábì sì ní ẹni tó ń já okùn ẹbí kò ní wọ ọgbà ìdẹ̀ra. Nítorí náà, sọ Bismillahi kí o jẹ iyán náà. Owó ilé-ìwé tí wọ́n san ńkọ́, ṣé ìyẹn kò ní oògùn nínú?

Lálẹ́, má tàkúrọ̀sọ pẹ́ lẹ́yìn ìrun Ishai. Ṣe alùwàlá, fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ka Ayatul Kurusiyyu (Súrà 2 àáyà 255), ka Súrà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn Al-Kùránì sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, fẹ́ èémí sí i, fi ra ara. Tó bá tún dé, má bá a wọ̀jà. Máa pe Ọlọ́hun nínú ọkàn, kí o gbìyànjú láti mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Tó bá tú, tutọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sósì lẹ́ẹ̀mẹta, sá di Ọlọ́hun, yí ẹ̀gbẹ́ padà. Tí oorun bá tún ń gbé ọ lọ lójijì lọ́sàn-án, lọ rí dókítà.

Má fi ìwé kíláàsì na màmá rẹ lójú. Tí wọ́n bá ń ṣe àdúà lé ọ lórí, jókòó kí o máa ṣe àmín. Tí wọ́n bá ní kí o má dé Ìkẹ́rẹ́, má gbó wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ jọ wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.