Iná ojú títì ni àbí omi? Ìdáhùn fún akọ̀wé ìlú kan ní Yàgbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, okun o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní ìhà Yàgbà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí tránsfọ́mà wa ti jó, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ò sì yọjú. Ilé bí 200 la ní. Àwọn ọmọ wa ní Àbújá àti Èkó ti dá owó jọ, wọ́n ní ká fi ra iná sólà 60 sí ojú títì kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn àgbà ní tránsfọ́mà tuntun ni ká rà. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká pe ilé-iṣẹ́ tó ń gbé sólà kalẹ̀ fún odindi ìlú. Èwo ni ká ṣe tí owó yìí ò fi ní ṣòfò?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mò ń wá nínú rẹ̀ tí mi ò rí ni omi. Ẹ sọ̀rọ̀ títì, ẹ sọ̀rọ̀ tránsfọ́mà, ẹ ò sọ ibi tí àwọn ìyá àti ọmọdé ti ń pọnmi lóṣù kejì ọdún, nígbà tí odò bá ti fà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí owó yẹn kọ́kọ́ lọ. Màá sọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ yín tó wà lẹ́yìn odi lóhùn.

Iná ojú títì dáa. Ó ń lé olè, ó sì ń jẹ́ kí alákàrà pẹ́ nídìí àgbàdà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Iná 40 ni wọ́n rì síbẹ̀, méje péré ló ṣì ń tàn, kò sì tíì pé ọdún méjì. Mo gun àkàbà, mo tú mẹ́ta wò. Pánẹ́ẹ̀lì ò ṣe nǹkan kan, gílóòbù ò ṣe nǹkan kan. Bátìrì ló kú. Irú iná yẹn, ojú kan náà ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí: pánẹ́ẹ̀lì lókè, bátìrì lábẹ́ ẹ̀ gan-an. Oòrùn tó ń bọ́ ọ náà ló ń sè é, bẹ́ẹ̀ ooru ni ọ̀tá bátìrì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n kọ 300 wáàtì gàdàgbà sára páálí, ohun tí mo fi ẹ̀rọ wọ̀n lára iná náà ò tó 20. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó dá owó ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta iná fún yín, ẹ má bi í léèrè wáàtì. Ẹ bi í bí bátìrì rẹ̀ ṣe tó. Ká ní iná gidi kan jẹ́ 30 wáàtì, tó sì tàn fún wákàtí 12: 30 lọ́nà 12 jẹ́ 360 wáàtì-wákàtí, òṣùwọ̀n iná tó máa jẹ mọ́jú. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ 12.8 V, 30 Ah sí lára, ẹ fi méjèèjì lọ́po ara wọn, ohun tó lè gbà sára ò ju 384 wáàtì-wákàtí lọ, kò sì yẹ kí ẹ lò ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ìyẹn jẹ́ 307. Kò tó. Àmọ́ bí ẹ bá ní kí iná náà mọ́lẹ̀ dáadáa fún wákàtí márùn-ún, kó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí 10 wáàtì títí ilẹ̀ á fi mọ́, 220 ló máa jẹ, ó sì ṣẹ́kù fún ọ̀la tí ìkùukùu bá ṣú. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí 100 wáàtì, torí oṣù kẹjọ ọ̀dọ̀ wa kì í ṣeré. Irú iná bẹ́ẹ̀ wọ́n. Owó yín ò ní ra 60 mọ́. Bó bá jẹ́ 12 ló rà, mo fara mọ́ ọn: ọjà, ilé ìwòsàn, ilé ìwé, iwájú ààfin, ìdí kànga-ẹ̀rọ, oríta tó léwu. Ẹ jẹ́ kí bátìrì wà nínú àpótí tirẹ̀ lára òpó, níbi tí òjìji bá a, kì í ṣe lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì.

Tránsfọ́mà ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Tránsfọ́mà kì í ṣe iná, ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé ni. Ẹ lọ bi ìlú tó wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú yín pé wákàtí mélòó ni wọ́n ń rí lọ́jọ́. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì ni, méjì náà ni tránsfọ́mà tuntun máa gbé wá fún yín. Bí àwọn àgbà bá sì takú pé àwọn á rà á, kí owó má jáde kí ẹ tó ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, tó sọ bí wọ́n ṣe máa san owó yín padà lórí iná tí ẹ bá ń lò. Ẹni tó rà á láìkọ̀wé ti fi tọrẹ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ yín ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù. Òfin fàyè gbà á: láti 2016 ni NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti gbé ìlànà jáde fún irú iná àdáni bẹ́ẹ̀ tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Nínú ìlànà NERC yẹn, èyí tí kò tó 100 kílówáàtì, ìforúkọsílẹ̀ lásán ti tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Òfin iná mànàmáná ti 2023 sì ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ máa darí ọjà iná ara wọn, Kogi tiwa sì wà lára àwọn tí NERC ti gbé e lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá bá yín, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn. Owó náà wà: ní oṣù kejìlá 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò DARES, tí REA, àjọ ìjọba tó ń mú iná dé ìgbèríko, ń bójú tó, láti fi ti àwọn ilé-iṣẹ́ sólà lẹ́yìn kí wọ́n lè dé irú ìlú tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń fojú ṣọ́ kí wọ́n tó gbà láti wá. Gílóòbù alẹ́ ò mú owó wọlé fún wọn, torí inú bátìrì ni iná alẹ́ ti ń jáde, bátìrì ló sì wọ́n jù nínú gbogbo irin yẹn. Ẹni tó ń lo iná lọ́sàn-án ni wọ́n ń wá: ẹlẹ́rọ ìlọta, wẹ́dà, télọ̀, ẹni tó ń ta omi tútù. Bí wọ́n bá dé ìlú yín lónìí, tí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ chájì fóònù nìkan, wọ́n á kọ orúkọ yín sílẹ̀, wọ́n á sì lọ. Yúnìtì wọn tún máa ń wọ́n ju ti NEPA lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pamọ́ fún ìlú. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nítorí pé òpó àti wáyà ilé-iṣẹ́ iná ti wà nílùú yín, tí ẹ bá fẹ́ lo wáyà yẹn, àdéhùn náà máa ń di ti ẹni mẹ́ta: ìlú, ilé-iṣẹ́ sólà, àti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kan kà á kí Ọba tó fọwọ́ sí i.

Ibi tí mò ń bọ̀ rèé. Ó ṣòro kí n dé ìlú tó tóbi tó tiyín lọ́dọ̀ wa kí n má bá kànga-ẹ̀rọ tí olóṣèlú kan gbẹ́, tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, tó wá dákẹ́ nígbà tí owó epo fò sókè lẹ́yìn oṣù karùn-ún 2023. Bí ẹ bá ní irú ẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jí dìde. Ẹ̀rọ afami sólà tó jẹ́ 750 wáàtì, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lè fa nǹkan bí 2,000 lítà ní wákàtí kan láti ìsàlẹ̀ mítà 50. Wákàtí márùn-ún oòrùn tó dáa, 10,000 lítà wà nínú tánkì. Kò sí bátìrì níbẹ̀ rárá! Oòrùn ń fà á lọ́sàn-án, tánkì ń tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, ike tánkì ò sì ń kú lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. 10,000 lítà jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 400. Bí ìlú bá gbà láti máa san náírà mẹ́wàá péré lórí kẹ́ẹ̀gì kan, tí ẹ sì rí ìdajì rẹ̀ tà, 2,000 náírà lọ́jọ́ nìyẹn, 60,000 lóṣù. Lásìkò òjò yóò já wálẹ̀, torí omi òrùlé ni gbogbo wa ń gbè. Owó yẹn náà ló máa ra bátìrì iná ojú títì nígbà tí àkókò ẹ̀ bá tó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí omi ṣáájú iná.

Kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kó dà díẹ̀, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ máńgòrò tàbí ìrókò, ì báà jẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń ṣèpàdé. Òjìji ẹ̀ka kan ṣoṣo tó láti gé iṣẹ́ rẹ̀ sí méjì. Lásìkò ọyẹ́, kí ọmọ kan máa fi omi fọ eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ìdájí tí gíláàsì ṣì tutù.

Ẹ̀rọ ìlọta ló tẹ̀lé e. Ìyẹn le jù, torí mọ́tò 5 hp tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún ń jẹ ju 3,700 wáàtì lọ, nígbà tó bá sì fẹ́ gbéra, ó lè bèèrè ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Ìnfátà pọ́ọ́kú á jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gba ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí mọ́tò gbéra díẹ̀díẹ̀, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní VFD. Ẹ̀yin alákòóso á tún jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá onígàrí kí lílọ̀ bọ́ sáàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n á kùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ ìlọta méjì àti afami kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ilé-iṣẹ́ sólà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ á rí ìdí tí wọ́n fi máa jókòó tì yín.

Ohun tó kù ò ní ná yín ní kọ́bọ̀ púpọ̀. Ẹ kà iye gílóòbù pupa oní 60 wáàtì tó ṣì wà nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí. Ilé kan tó ní mẹ́fà, tó ń tàn wọ́n fún wákàtí márùn-ún, ń jẹ yúnìtì kan àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ilé 200 jẹ́ 360 yúnìtì ní alẹ́ kan. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀ sí LED oní 9 wáàtì, 54 ló máa jẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì ń mú nǹkan bí yúnìtì méjì wá lọ́jọ́ kan, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn tó pánẹ́ẹ̀lì 153 tí ẹnikẹ́ni ò ní rà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá ẹni tó máa fa omi kànga-ẹ̀rọ tí mo ní kí ẹ jí dìde yẹn fún odindi ọjọ́ kan, kó sì kọ iye lítà tó jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí orí àpáta la wà, kànga míì sì wà tó máa gbẹ lẹ́yìn wákàtí méjì. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ ẹni tó fẹ́ ta pánẹ́ẹ̀lì ò tíì kàn.