Wọ́n ní fáìlì Bàbá mi wà ní KIV: kí ni fáìlì gan-an?

Ìbéèrè: Ọ̀nà tí wọ́n ń là gba inú oko Bàbá mi kọjá, owó gbà-má-bínú ni Bàbá sì ń bá kiri. Láti Ìkọ̀lé ni wọ́n ti ń lọ sí Adó. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, kàlákì kan sọ fún wọn pé fáìlì wọn wà ní KIV. Bí wọ́n ṣe délé, wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí ibi tí KIV wà, pé ṣé mọ́tò Àkúrẹ́ ni wọ́n máa wọ̀ débẹ̀. Kí ni fáìlì túmọ̀ sí, ṣé kò sì lórúkọ ní Yorùbá?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má wọ mọ́tò kankan, KIV kì í ṣe ìlú. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n bù nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣì máa fojú sí ọ̀rọ̀ náà lára. Ọ̀gá ló kọ ọ́ fún kàlákì: má tíì ṣe nǹkan kan sí i, má sì gbé e sọnù, nǹkan kan wà tí à ń retí. Ó sàn ju PA lọ, nítorí PA ni pé kí wọ́n gbé e pa mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Èyí tó dáa jù fún ẹni tó ń retí owó ni BU, tí wọ́n máa ń kọ ọjọ́ sí: tí ọjọ́ yẹn bá pé, kí kàlákì gbé fáìlì náà padà wá síwájú ọ̀gá.

Ó wá ku fáìlì fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá mọ fáìlì kan tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Irin olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pọ́n àdá kí wọ́n tó wọ oko, fáìlì náà là ń pè é. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún àgbàlagbà pé fáìlì wọn ò tíì jáde, tí wọ́n sì wò ó bí ẹni tórí rẹ̀ ò pé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní lẹ́nu Òyìnbó pàápàá, àmọ́ ìdílé wọn ò pa pọ̀ rárá. Fáìlì àdá jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ayébáyé. Fáìlì ọ́fíìsì gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé, ó sì ti inú èdè Látìn wá, níbi tí filum ti ń jẹ́ òwú.

Òwú! Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, okùn tàbí wáyà ni wọ́n máa ń ki ìwé bọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń sín ìlẹ̀kẹ̀, kí ìwé má baà fọ́n ká. Orúkọ okùn yẹn ló lẹ̀ mọ́ páálí tí à ń lò lónìí. Ẹ ṣí fáìlì èyíkéyìí ní sẹkitéríàtì Adó, ẹ ó bá okùn náà níbẹ̀: okùn tín-ín-rín kan, irin kékeré lórí méjèèjì, ó gba inú ihò tí wọ́n dá sí etí ìwé kọjá. Tágì ni wọ́n ń pè é.

Àwa náà sì mọ iṣẹ́ okùn kí Òyìnbó tó dé. Kí ni àrokò bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi okùn dì? Ẹyọ owó mẹ́fà lórí okùn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí èèyàn, ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹẹ́fà ló gbé fífà lọ́wọ́. Tẹ́ni náà bá dá mẹ́jọ padà, ó ní ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí okùn bá já lójú ọ̀nà, ẹyọ owó lásán ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì tí tágì rẹ̀ já: ìwé kún inú rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ló ṣáájú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ìwé inú fáìlì ní nọ́ńbà. Mo ti ṣe kàlákì rí, nínú rẹ́jísírì, ìyẹn yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, kan tí òjò máa ń jò sí. Báírò pupa ni mo fi ń kọ nọ́ńbà sí igun òkè ìwé kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, títí lọ, mo á wá kọ sára èèpo fáìlì pé ọ̀dọ̀ ta ni mò ń gbé e lọ àti ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọ̀kan jáde láìkọ ọ́, torí pé ọ̀gá ń pariwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá a. Abẹ́ ìrọ̀rí àga mẹ́séńjà la ti rí i, ó fi ń gbé ara rẹ̀ ga!

Ọ̀rọ̀ yìí ti di tiwa dé ibi pé à ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣíṣe: “ẹ bá mi fáìlì lẹ́tà yìí.” Wọ́n á ní fáìlì ti gòkè, ìyẹn ni pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n á ní fáìlì ò lẹ́sẹ̀. Èyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: wọ́n ń tọrọ nǹkan. Àwọn kan fẹ́ ká máa pè é ní àkójọ ìwé. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n àkójọ ìwé lè jẹ́ ìwé ọmọ iléèwé nínú àpò. Fáìlì ni ọ̀rọ̀ ẹnìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí okùn kan. L’Ékìtì tí à ń pe ìwé ní ùwé, fáìlì ni fáìlì ń jẹ́ lẹ́nu olùkọ́ àti alágbàṣe, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti Àkúrẹ́ tí Bàbá dárúkọ, wọn ò kúkú jìnnà sí òótọ́. Títí di 1976, Ìbàdàn ni olú ìlú wa; nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ lọ́dún náà, ó di Àkúrẹ́; láti October 1, 1996 ló ti di Adó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ti pẹ́ lè ní ìwé nílùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ti ọ̀nà tí wọ́n ń là lọ́wọ́ yìí, Adó ni kí wọ́n wá a sí.

Tí Bàbá bá padà lọ, kí wọ́n má bèèrè pé “fáìlì mi dà?” Kí wọ́n bèèrè nọ́ńbà fáìlì, èyí tó wà lára èèpo rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi kàlákì pé kí ni ọ̀gá ń retí tó fi kọ KIV, àti pé ṣé ó lè bá wọn bẹ ọ̀gá kó fi BU sí i, pẹ̀lú ọjọ́.