Orúkọ Mi Kò Sí Nínú Ìwé Wọn

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà ni mo wà láti ọdún mẹ́rin. Kásúà ni wọ́n ń pè wá. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń ka owó lé wa lọ́wọ́, kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí áídíì káàdì. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Máníjà fún mi ní ₦40,000, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ní orúkọ mi kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ ní àpò kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́? Àbí kò kan irú wa?
Ọmọ yín, Ọ̀tà

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wo ọ́ sàn. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé ni mo ti pè ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ní gbèdéke. Nítorí àwọn tó wà nírú ipò rẹ ni mo ṣe tún ń kọ ọ́ síbí.

Òótọ́ ni, NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) lorúkọ àpò náà. Lábẹ́ òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà: náírà 1 nínú gbogbo náírà 100 tó bá ń san lówó iṣẹ́ lóṣooṣù. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ. Aṣojú àwọn agbanisíṣẹ́ láti ẹgbẹ́ wọn, NECA, wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, ti NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wà níbẹ̀, ti ìjọba náà wà níbẹ̀. Òfin yẹn dárúkọ kásúà gan-an. Kódà ó dárúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà wọ́n.

Kí ló wá dé tí wọ́n ń fi yín pamọ́? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, ohun tí mo fojú rí ni n óò sọ. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí NSITF hàn pé òun ń san owó yìí. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá wa kò sá fún NSITF rárá. Wọ́n ń san. Àmọ́ ènìyàn 12 péré ni wọ́n ń san án lé lórí, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń wọ géètì láràárọ̀ tó 80. Àwọn tó kù, abẹ́ kọ́ńtírátọ̀ kan ni wọ́n kọ wọ́n sí, ọkùnrin tí a kì í rí àfi ọjọ́ Sátidé. Ìwé ẹ̀rí náà kì í ṣe ayédèrú o, ojúlówó ni.

Ẹgbẹ́ tiwa náà mọ̀. (Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí a jọ ṣe é.) Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́, kásúà kò ní owó oṣù, kò lè san, a kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá san.

Ọjọ́ 14 ni òfin fún ọ láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Kò pọn dandan kó jẹ́ máníjà. Súpáfáísọ̀ tó, ẹni tó kọ́kọ́ tọ́jú ọgbẹ́ náà níbi iṣẹ́ pàápàá tó. Síbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ rẹ, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe gé ọ. Òfin ní èdè tí à ń sọ lójoojúmọ́ ti tó, má tìtorí ìyẹn sanwó fún lọ́yà. Fún ilé iṣẹ́ ní ẹ̀dà kan, bí wọ́n bá kọ ìwọ náà sábẹ́ kọ́ńtírátọ̀, fún un ní ọ̀kan, torí wọ́n á fẹ́ máa gbá ọ síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF. Bí wọ́n bá dákẹ́, gbé ẹ̀dà tìrẹ lọ sí ọ́fíìsì NSITF fúnra rẹ, kó má kọjá ọdún kan lẹ́yìn tí o fara pa kí o tó béèrè ẹ̀san.

Lórí fóònù, o ní o kò ní ẹ̀rí kankan pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo bi ọ́ pé báwo lo ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀sán tàbí alẹ́ lo máa wọlé. O ní súpáfáísọ̀ máa ń to orúkọ yín sórí WhatsApp ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Fún ọdún mẹ́rin! Má pa ìkankan rẹ́ níbẹ̀.